Etí Owó Ọba Onírùngbọ̀n

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó onírin àtijọ́ jọ ń ṣe àfihàn ọdọọdún wọn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbá gbọ̀ngàn mọ́ tónítóní, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, oníkálukú sì ti wọ aṣọ tó dáa jù nílé rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ ohun tó fẹ́ gbé wá fún ẹnìkejì. Wọn á kì í bọ àpò, wọn á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, inú wọn á máa dùn lábẹ́lẹ̀, títí alága yóò fi ní kí wọ́n ṣí i.

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìntì, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bíi ti ẹni tó ń pe ọmọ wọlé. Owó fàdákà kan ló gbé kalẹ̀, ó fẹ̀ tó ojú aago ọwọ́, orí ọba onírùngbọ̀n kan wà lára rẹ̀, ọba tó ti kú kí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dáyé. Ó ní kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kò tíì jókòó dáadáa tí Màmá Kẹ́místì, obìnrin tó ni ilé oògùn ńlá, fi ṣí tirẹ̀. Ọba onírùngbọ̀n ni. Ẹni kẹta ni Alágbẹ̀dẹ Wúrà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Ọba onírùngbọ̀n lòun náà gbé wá, ó ní bàbá òun ló fi sílẹ̀ fún òun.

Pé owó mẹ́ta jọra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n alága fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò wọ́n, ó wò wọ́n títí, ó sì gbé ojú sókè bí ẹni tó rí ejò lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọba náà, àpá kan wà tó ti abẹ́ ojú wá sí irùngbọ̀n, ìdí rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àpá kan náà ni, ní ibì kan náà, lára owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé owó a máa já bọ́, a sì máa fara gbọgbẹ́, àmọ́ wọn kò rí owó mẹ́ta rí tó ṣubú lọ́nà kan ṣoṣo.

Bàbá Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn tí kò tíì ṣí tiwọn rọra ti páálí wọn padà sínú àpò, ọ̀kan ní òun gbàgbé tòun sílé, èkejì ní ikùn ń run òun. Alágbẹ̀dẹ Wúrà nìkan ni kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé méjì tó kù lé ọwọ́, ó wọ̀n wọ́n wò, ó ní ayédèrú ni méjèèjì, tòun nìkan ni ojúlówó. Ọ̀rọ̀ tó kó bá a nìyẹn. Màmá Kẹ́místì ní báwo ló ṣe tètè mọ̀? Nínú ìbínú, obìnrin náà tú u sílẹ̀ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti ra tòun, níbi gbàǹjo tí oníkálukú ti ń lé iye lórí ara wọn, tí ẹni tó bá wà lókè nígbà tí àkókò bá pé yóò gbé ọjà lọ. Ẹni tó tà á fún un ń pe ara rẹ̀ ní Àpótí-Bàbá-Mi. Ó fa páálí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i yọ láti inú báàgì. Àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ilé tí Alágbẹ̀dẹ Wúrà ti ń ṣiṣẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, Alágbẹ̀dẹ Wúrà ti wà ní àtìmọ́lé.

Ẹni tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ ni ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí gbogbo àgọ́ ń pè ní Kìírẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí olè fi ń jẹ́wọ́ kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bá ń ṣẹ̀fẹ̀, yóò kàn fún ètè pọ̀ ni. Wọ́n ní ọkùnrin ni, ọkùnrin gidi, kò ní eré nínú. Wọn kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni. Ó ti yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ ara rẹ̀ nígbà kan, eyín iwájú mẹ́ta sì bá ìṣubú náà lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń lo eyín àtọwọ́dá, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á rí irin tín-ín-rín tó di eyín náà mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí ayé ń bẹ̀rù, nítorí eyín mẹ́ta.

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ pè. Bàbá náà jókòó, ó fi fìlà lé orúnkún, ó ní bàbá òun ló fi owó náà sílẹ̀ ní ogún fún òun.

"Bàbá yín tó jẹ́ káfíńtà, sà?"

"Káfíńtà ò lè ní owó ni?"

"Ó lè ní in, sà. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ ò sì gbé e wá rí."

"Mo gbàgbé pé mo ní in ni."

Sájẹ́ǹtì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ mú, fi bírò bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Kìírẹ́rìn-ín kò tẹ bàbá náà mọ́lẹ̀. Ó rí i bí òógùn ṣe ń ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n, báwo ni yóò ṣe wá sọ pé fọ́tò kan ṣoṣo ni òun wò lórí fóònù, pé òun kò bèèrè ẹ̀yìn rẹ̀, òun kò bèèrè etí rẹ̀, pé òun kàn ń lé iye lórí ẹnì kan tí òun kò mọ̀, kó má ṣáà gbà á lọ́wọ́ òun? Ẹni tó ń lé iye lórí rẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá Kẹ́místì ni. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà nínú òkùnkùn. Nígbà tí obìnrin náà sì pàdánù, tí kò pẹ́ tí Àpótí-Bàbá-Mi tún gbé "ọ̀kan ṣoṣo tó kù" jáde, ó yára gbà á, kò sì bi ara rẹ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo wo ló máa ń bímọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Alágbẹ̀dẹ Wúrà wọlé. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ gùn, ó ń fi wọ́n pa ara wọn bí ẹni tí iṣẹ́ wù. Kìírẹ́rìn-ín ní kó ṣàlàyé àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn páálí.

"Ọ̀gá, tí èmi bá fẹ́ ṣe ayédèrú, ṣé àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi ni màá kọ sí i lẹ́yìn?"

"Ọ̀pọ̀ olè ló ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó dáa. Mi ò ní bi yín mọ́."

Kìírẹ́rìn-ín wá bi í pé ta ló tún ti di owó bàbá rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà ronú, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀rẹ́ òun tó wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí òun lọ sìnkú ìyá òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun kó gbogbo ohun iyebíye inú ṣọ́ọ̀bù sí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fa ọ̀rẹ́ òun náà sínú wàhálà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Sájẹ́ǹtì gbé orí sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, a dé ilé yẹn. Ṣọ́ọ̀bù wúrà nìkan la rí. Ta ló wà lẹ́yìnkùlé?"

Kìírẹ́rìn-ín wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná," ló sọ.

Nínú gbogbo ọlọ́pàá àgọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀ pé ilé yẹn ní ilẹ̀kùn kejì. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló wà, kò sì ní pátákó orúkọ kankan, nítorí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Eléyín ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ìda ló fi ń ya àwòrán eyín, yóò fi ẹfun bò ó, yóò yọ́ irin sínú rẹ̀. Òun ló ṣe ti Kìírẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kìírẹ́rìn-ín ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Erìgì rẹ̀ ti ń ro ó láti àárọ̀. Ó yọ eyín náà, ó gbé e sórí áńkáṣíìfù, owó ayédèrú méjèèjì àti ti bàbá Alágbẹ̀dẹ Wúrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo. Bó ṣe ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Irin tó di eyín mú kò funfun bíi fàdákà, ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀ nínú. Owó ayédèrú méjèèjì sì ní àwọ̀ eérú díẹ̀ nínú. Ó gbé awò. Nínú etí ọba onírùngbọ̀n, ibi tí kò ṣeé nù, ìyẹ̀fun kan há síbẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyẹ̀fun pupa tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń dán nǹkan ni. Àmọ́ kì í ṣe pupa bẹ́ẹ̀ yẹn. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, pupa erìgì èèyàn, àwọ̀ kan náà tó wà nídìí eyín tó tẹ́ sórí áńkáṣíìfù níwájú rẹ̀.

Ó wo ilẹ̀kùn wò bóyá ó tì. Ó wá ṣe ohun tí kò ní fẹ́ kí ọmọ ènìyàn kankan rí. Ó gbé owó bàbá Alágbẹ̀dẹ Wúrà sẹ́nu, ó fi ahọ́n gba etí owó náà yí ká. Ìlà wẹ́wẹ́ tó wà léteetí rẹ̀ mú, ó ń ha ahọ́n bí ojú ayùn. Ó gbé ti Bàbá Tíṣà. Ìlà wà níbẹ̀, iye kan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi sùúrù pa gbogbo ojú wọn, ìkọ̀ọ̀kan, kò ku ẹyọ kan tó lè gé èèyàn. Ahọ́n rẹ̀ mọ ọwọ́ náà. Láti ìgbà tó ti ń lo eyín náà, tọ̀sán-tòru ni ahọ́n yẹn ń bá iṣẹ́ ọwọ́ náà gbé. Alágbẹ̀dẹ wúrà kò jẹ́ pa etí owó bẹ́ẹ̀ láé, torí etí mímú ni ẹwà owó. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni ẹni tí gbogbo ohun tó ń ṣe ń lọ sínú ẹnu èèyàn.

Ó mọ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé ó mọ̀. Kò kù síbì kan. Ó kàn yẹ kó ṣí ilẹ̀kùn, kó pe Sájẹ́ǹtì, kó ní, "Gba ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé." Ó sì gbọ́ ohun tí Sájẹ́ǹtì máa bi í lẹ́yìn ìyẹn bí ẹni pé ó ti bi í tán: báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ọ̀gá? Ó gbé eyín rẹ̀ padà sẹ́nu. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rí kò tíì tó.

Nígbà tó jáde, ìyàwó Alágbẹ̀dẹ Wúrà wà lórí bẹ́ǹṣì ìta. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé ló ti ń wá ní àárọ̀, tí ó ń jókòó di ìrọ̀lẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ kan tí ó lọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, kò ní wọ aṣọ àtìmọ́lé gba àárín ìlú kọjá. Àwọn oníbàárà ti ń wá kó ẹ̀gbà àti òrùka wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn kó tó wá jókòó. Ó kí Kìírẹ́rìn-ín pé ẹ kú iṣẹ́, sà. Kìírẹ́rìn-ín mi orí, ó kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ, ó ní òun fẹ́ lọ wá ẹ̀rí. Eléyín ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ kan nígbà tó wọlé. Èèyàn rírọ̀ ni, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú bo ẹ̀wù rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o, ọ̀gá. Ṣé ó ti ń há yín ni?"

Kìírẹ́rìn-ín ní nǹkan mìíràn ló gbé òun wá. Eléyín ní òun ti gbọ́ nípa ọ̀rẹ́ òun, ó sì dun òun wọnú eegun. Ó nu àga fún un.

"Tí ẹ bá ní kí n wá jẹ́rìí, màá wá," ó ní. "Wọ́n lè bi mí pé báwo ni ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe mọ ẹnu ọ̀nà mi. Mi ò sì mọ irọ́ pa. Ẹ la ẹnu, kí n wò ó."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Kìírẹ́rìn-ín sì la ẹnu. Ọkùnrin tí olè ń gbọ̀n níwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí àga, ó wo òrùlé, ẹni tó yẹ kó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè sì ń fi ọwọ́ tún eyín ẹnu rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Eléyín parí, Kìírẹ́rìn-ín ní "ẹ ṣeun." Ó dé ìta kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nìyẹn. Kò rántí ọ̀nà tó gbà délé.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kò ti inú ara rẹ̀ wá. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Tíṣà tún wọlé, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é. Kò jókòó. Ó dúró bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí èso.

"Mo purọ́ fún yín," ó ní. "Orí gbàǹjo ni mo ti rà á. Mo ti rò ó pé kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ mo rí ìyàwó ọkùnrin yẹn lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mò ń kọjá lánàá, mi ò lè jẹun."

Kìírẹ́rìn-ín bi í pé ta ló mọ̀ pé ó ń wá owó ọba onírùngbọ̀n, nígbà tí òfin ẹgbẹ́ ní kí oníkálukú pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Bàbá náà kọ́kọ́ ní kò sí. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ó ní ó dà bíi pé òun sọ ọ́ létí ẹnì kan ṣá, ẹni tó ń tọ́jú eyín òun. Ó ní èèyàn a máa sọ ohun gbogbo lórí àga yẹn, bóyá torí pé ẹnu ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbọ́ pé eyín òkè òun kì í ṣe tòun.

Arúgbó tó tó bàbá bí i ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ti Kìírẹ́rìn-ín débi pé kò lè wò ó. Ó pe Sájẹ́ǹtì. Ó sọ ẹ̀yìnkùlé fún un, ó sọ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ó ní kó gba ìwé àṣẹ kí ó tó lọ, kí ó wá ohunkóhun tó ní irùngbọ̀n nínú ẹfun tàbí nínú ìda. Sájẹ́ǹtì bi í ní ìbéèrè náà gẹ́lẹ́. "O máa gbọ́ lónìí," ló dá a lóhùn.

Ní ọ̀sán, ó kó gbogbo wọn jọ sínú yàrá ńlá àgọ́: alága, Bàbá Tíṣà, Màmá Kẹ́místì, Alágbẹ̀dẹ Wúrà tí irùngbọ̀n òun náà ti hù, àti Eléyín, tó wọlé wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyàwó Alágbẹ̀dẹ Wúrà kò wọlé, ó ní ibi tí ọkọ òun máa gbà jáde lòun ń ṣọ́.

Kìírẹ́rìn-ín gbé irin róbótó méjì kalẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn ni, etí wọn mú bí abẹ. Ó fún Alágbẹ̀dẹ Wúrà ní ọ̀kan, ó fún Eléyín ní ọ̀kan, ó gbé ayùn kékeré ti ara wọn síwájú oníkálukú. Ó ní kí wọ́n fá a mọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún oníbàárà. Eléyín rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìdánwò ni. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Èrò ọkàn rẹ̀ pọ̀, ó ń wo ojú ọ̀gá bóyá òun máa rí ibi tí pàkúté wà, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ Wúrà gé gbogbo irin ṣóńṣó tó yọ síta kúrò, ó jẹ́ kí etí dúró gbọn-in, ó mú síbẹ̀. Eléyín ń pa tirẹ̀, ó ń pa á, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tó ṣì lè gé èèyàn, tó bá rí i, yóò tún pa ibẹ̀. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè mú un.

Kìírẹ́rìn-ín kó irin méjèèjì àti owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí tábìlì ká, ó ní kí oníkálukú fi ìka gba etí wọn. Màmá Kẹ́místì ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó pa irin Eléyín ló pa owó òun àti ti Bàbá Tíṣà.

"Ìka lè tan èèyàn jẹ," ni Eléyín wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga síbẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn, ọ̀gá. Níbo lẹ ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi tẹ́lẹ̀ tí ẹ fi ní kí n wá fá irin? Ẹ sọ ọ́, kí gbogbo wọn gbọ́."

Kìírẹ́rìn-ín dìde dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, ó tẹ orí ba, ó sì yọ eyín iwájú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé wọn sáàárín owó àti irin, itọ́ ṣì wà lára wọn. Ọlọ́pàá kan nídìí ilẹ̀kùn pòṣé láìmọ̀. Ojú ọ̀gá náà ti wọnú, ètè òkè rẹ̀ ti rọ̀, ó dàgbà lójú wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹnu mi ni mo ti mọ̀ ọ́n," ó wí, atẹ́gùn sì ń gba àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. "Ahọ́n mi ló mọ̀ ọ́n. Ìyẹ̀fun tó wà nínú etí ọba, àwọ̀ erìgì yìí ni. Àdírẹ́sì ẹ̀yìn páálí, ilé kan náà ni, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ẹ̀yin tí ẹ ń gba èkejì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹni ẹlẹ́ni lọ sìnkú ìyá rẹ̀, tó kó ẹrù fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fi ohun tó fi ń ya àwòrán ẹnu wa ya ti ọba, tàpá-tàpá. Ohun tí ẹ bá a sọ lórí àga ló fi mọ ohun tí yóò gbé sórí gbàǹjo. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa fi tirẹ̀ han ẹnìkejì kí ọjọ́ àfihàn tó pé, kò sì rò pé Alágbẹ̀dẹ Wúrà máa gbé ti bàbá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà."

Sájẹ́ǹtì ti wọlé nígbà náà. Ẹfun tí wọ́n là sí méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wé sínú ọ̀rá. Ihò orí èèyàn wà nínú wọn, pẹ̀lú irùngbọ̀n.

Eléyín wo ẹfun náà, ó wo gbogbo wọn yí ká. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Ta ni kò tíì la ẹnu níwájú mi nínú yín?" ó ní. "Màmá, ṣé kí n sọ tiyín? Alága ńkọ́? Èmi ni mo ṣe ohun tí ẹ fi ń jẹran, tí ẹ fi ń ya fọ́tò. Tí a bá pàdé lójú pópó, ẹ ó máa wo òkè bí ẹni ń wá òṣùpá lọ́sàn-án. Mo ní kí n wọ ẹgbẹ́ yín, ẹ ní àyè ti kún. Kò pẹ́ sí i, ẹ gba alágbẹ̀dẹ yìí wọlé, tó ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú."

Alága tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Màmá Kẹ́místì fi etí gèlè bo ẹnu. Alágbẹ̀dẹ Wúrà ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. "Èmi máa ń kí ẹ," ló sọ nígbà tó yá, jẹ́jẹ́. Wọ́n mú Eléyín lọ.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ ń wá kí ọ̀gá kú oríire, ìkan nínú wọn tiẹ̀ ní òun náà ní eyín kan tó ń mì. Kìírẹ́rìn-ín kó eyín rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó jáde lọ bá obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Obìnrin náà dìde, ó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ má dúpẹ́, mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Obìnrin náà dúró láàárín ìkúnlẹ̀ àti ìdìde. "Òní Ọjọ́bọ̀," ó ní. Ó na ara rẹ̀ tán. "Kí lẹ wá ń dúró dè, sà?"

Kò rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Ó la ẹnu, ó fi àyè tó ṣófo láàárín eyín rẹ̀ hàn án. "Ojú ló ń tì mí."

Obìnrin náà wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì káàánú rẹ̀. Ó wo àyè náà bí ẹni tó ń wo ìdọ̀tí lára ògiri tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀.

"Ẹ fi eyín yín sẹ́nu," ó ní. "Ẹjọ́ tèmi kì í ṣe ti eyín."

Alágbẹ̀dẹ Wúrà jáde. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ fún un níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, òun ló de bọ́tìnnì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ọkùnrin náà tẹrí ba díẹ̀ fún Kìírẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ó ní, bí ọmọlúàbí ṣe ń kí ọlọ́pàá. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Obìnrin náà kò kí i. Kìírẹ́rìn-ín ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀, àárín ìlú ni wọ́n gbà.

Nígbà tó padà wọlé, Sájẹ́ǹtì ń kọ ìròyìn ẹjọ́ náà. Ó gbé bírò dúró. Ọmọ tó gbọ́n ni, ó sì fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀, kò gbé ojú sókè nígbà tó ń bi í.

"Ọjọ́ wo ni kí n kọ pé ẹ mọ̀, sà? Ṣé kí n kọ òní?"

Kìírẹ́rìn-ín jókòó. Àwọn ọ̀gá òkè máa kà á, adájọ́ máa kà á, wọ́n á bèèrè.

"Kọ Ìṣẹ́gun," ó ní.